Oníkọ́kọ́rọ́ àti Ohùn Ara Ògiri

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni.

Kọ́kọ́rọ́ gígé ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìsọ̀ rẹ̀ kò fẹ̀ ju ibi tí èèyàn méjì lè dúró sí láìforí gbárí. Ẹ̀rọ tó fi ń gé kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì, ìyẹ̀fun irin wà nílẹ̀, àwọn kọ́kọ́rọ́ tí wọn ò tíì gé eyín sí sì so kọ́ ara ògiri. Bó o bá wọlé, òórùn irin àti òróró ló máa kọ́kọ́ kí ẹ káàbọ̀.

Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Ta-Ló-Nilẹ̀kùn. Òun ló fa orúkọ náà sọ́rùn ara rẹ̀. Bó o bá mú kọ́kọ́rọ́ lọ bá a pé kó bá ẹ gé irú rẹ̀, kò ní wo kọ́kọ́rọ́, ojú ẹ ni yóò wò. Á ní, "Ta ló ni ilẹ̀kùn?" Bó o bá ní ìwọ ni, tí ojú ẹ ò sì yẹ̀, á gé e. Bó o bá ní ọ̀rẹ́ ẹ ló ni ín, á ní kí ọ̀rẹ́ ẹ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ọkùnrin kan gbé ọṣẹ wá lọ́jọ́ kan tó ti tẹ kọ́kọ́rọ́ onílé sí lára, ó ní kó bá òun wo ojú ọṣẹ gé e. Ta-Ló-Nilẹ̀kùn kò bá a jà. Ó gba ọṣẹ, ó fi fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì títí ojú kọ́kọ́rọ́ fi pa rẹ́, ó ní, "Ẹ ṣeun. Ọṣẹ wa ti tán láti àná."

Mo ń sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe òmùgọ̀, kì í sì í ṣe olè.

Iyàwó rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ti lọ sílé ọkọ. Òun àti ìyá rẹ̀ ló kù, nínú yàrá méjì tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Ilẹ̀kùn tiwọn kọjú sí tèmi. Màmá ti dàgbà gan-an. Iyè rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn á ka gbogbo ọmọ tó bí, òkú àtààyè, kò ní ṣi ẹyọ kan. Lọ́jọ́ mìíràn á bi mí pé ọmọ ta ni mí. Irun orí mi funfun ju tirẹ̀ lọ. Mà á ní, "Ọmọ yín ni mí, Màmá." Á wò mí láti òkè délẹ̀, á ní, "Irọ́ lò ń pa. Mi ò bí ẹni tó burẹ́wà tó báyìí."

Ohun tó ń já wa láyà lórí ọ̀rọ̀ Màmá ni ilẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kàn án, á ṣí i. Bó bá ṣí i tí kò bá ẹnì kankan níbẹ̀, á jáde lọ wá onítọ̀hún. Títì ńlá kò jìnnà sí wa. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń gba ibẹ̀, eré ni wọ́n sì máa ń sá. Màmá ti dé etí títì yẹn rí, obìnrin kan ló fà á padà.

Ìdí nìyẹn tí àbúrò Ta-Ló-Nilẹ̀kùn, obìnrin kan tó ń gbé ìlú mìíràn, fi ra kámẹ́rà kékeré kan ránṣẹ́. Wọ́n kàn án mọ́ ògiri, ó kọjú sí àga Màmá. Kámẹ́rà náà ń ríran, ó ń gbọ́rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ó tún ń yí orí káàkiri bí òwìwí. Bí Ta-Ló-Nilẹ̀kùn bá wà ní ìsọ̀, á máa rí Màmá ní igun ojú láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀ síbẹ̀, Màmá á gbọ́ ọ lára ògiri nílé.

Òun àti Màmá wá ṣe àdéhùn. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, kí Màmá má dáhùn, kó má dìde. Àfi bí ohùn ọmọ rẹ̀ bá jáde lára ògiri pé, "Màmá, èmi ni, ẹ ṣílẹ̀kùn." Nígbà náà ni kó ṣí i. Ó pẹ́ kó tó wọ Màmá lórí, ṣùgbọ́n nígbà tó wọ̀ ọ́ tán, kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó lè gbàgbé orúkọ ara rẹ̀, kò ní gbàgbé ìyẹn. Bí ọmọ rẹ̀ bá ti ìsọ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á sọ ọ̀rọ̀ náà sínú fóònù, ògiri á sọ ọ́ jáde, Màmá á sì fa irin ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Irin yẹn, inú nìkan ni wọ́n ti ń fà á. Òun fúnra rẹ̀ ló rọ ọ́. Kò ní ihò kọ́kọ́rọ́ kankan. Ó ní olè tó bá kó ẹgbẹ̀rún kọ́kọ́rọ́ wá kò ní rí ibi tó máa kì í bọ̀.

Mo bi í nígbà náà. Mo ní, "Ṣé kò séwu nínú èyí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohùn mi ni kọ́kọ́rọ́. Ta ló lè gé irú ohùn èèyàn?"

Alágbàfọ̀ kan wà tí ìsọ̀ rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kan tirẹ̀. Aláwàdà ni. Kò sí ohun tó lè rí lọ́fẹ̀ẹ́ tí kò ní nawọ́ gán, ìyẹn la fi ń pè é ní Ọ̀fẹ́-Ló-Dùn. Bí aṣọ bá wà lábẹ́ áyọ́ọ̀nù rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ ju áyọ́ọ̀nù lọ.

Eré kan wà tí Ta-Ló-Nilẹ̀kùn fẹ́ràn láti máa wò lórí láptọ́ọ̀pù nígbà tí oníbàárà ò bá sí. Eré àwọn olè tó ń ṣí àpótí irin ni. Ohun tó fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé gbogbo nǹkan tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ló ń bí i nínú. Á máa pariwo mọ́ láptọ́ọ̀pù: "Ibo lo fọwọ́ sí yẹn? Àpótí ìyá ta ló ń ṣí báyẹn? Fetí sí i, òpè, fetí sí i!" Àwọn tó ń kọjá á rò pé ìjà ń lọ nínú ìsọ̀. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé eré náà jáde bu owó lé owó tó ń san lóṣooṣù. Ó bínú, ó jáwọ́. Ìsọ̀ wá pa rọ́rọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ẹ kàn ń fìyà jẹ ara yín ni," ni Ọ̀fẹ́-Ló-Dùn wí. "Èmi ń wò ó lójoojúmọ́."

"Ta ló ń bá ẹ sanwó?"

"Ẹni tó ni ín."

"Ta ló ni ín?"

"Ẹ tún ti dé! Ilẹ̀kùn kọ́ nìyí o, ẹ̀gbọ́n. Eré lásán ni. Ẹni tó ni ín ò mọ̀, kò sì dín nǹkan kan kù lára ẹ̀."

Ó ní òun wà nínú ẹgbẹ́ kan lórí fóònù tí wọ́n ti ń pín kúkì. Èmi náà rò pé èyí tí àwọn ọmọdé ń jẹ ni. Bí wọ́n ṣe wá ṣàlàyé ẹ̀ fún mi nìyí. Bó o bá fẹ́ wọ ibì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, á bi ẹ́ ní orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù. Bó o bá ti sọ ọ́, á fún láptọ́ọ̀pù ẹ ní àmì kékeré kan, kó má bàa tún máa bi ẹ́ ní gbogbo ìgbà. Àmì yẹn ni kúkì. Ẹni tó bá jí i kò nílò pásíwọ́ọ̀dù ẹ mọ́. Bó bá ti fi àmì yẹn hàn, wọ́n á rò pé ìwọ ni, wọ́n á ní kó wọlé. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa jí àmì àwọn ẹlòmíràn, kí wọ́n wá máa pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti pẹ́ láyé. Mi ò tíì rí olè tó ń pín ẹrù lọ́fẹ̀ẹ́.

Kéèyàn tó lè lo kúkì ẹlòmíràn, ó ní láti kọ́kọ́ fi irinṣẹ́ kékeré kan sínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ló ń fúnni. Ta-Ló-Nilẹ̀kùn fi í sí i. Irinṣẹ́ náà béèrè pé ṣé kí òun máa ka gbogbo ohun tó bá wà ní gbogbo ibi tó bá wọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Kí ló fẹ́ fi gbogbo ẹ̀ ṣe?"

"Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn," ni Ọ̀fẹ́-Ló-Dùn wí. "Èmi náà ti tẹ̀ ẹ́, ṣé mo kú? Ẹ tẹ bẹ́ẹ̀ ni."

Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún bi gbogbo ayé pé ta ló ni ilẹ̀kùn, òun ló tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tó fi kúkì ẹlòmíràn wọ ibi eré náà, ó rí àwọn tó ni ibẹ̀. Kì í ṣe ojú wọn, orúkọ tí wọ́n ń fi pe ara wọn ni. Bàbá. Ìyá. Àwọn Ọmọ. Màmá Àgbà. Ó rí i pé Màmá Àgbà wo eré kan dé àárín, kò parí rẹ̀, bóyá oorun ló gbé e lọ. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó dà bí ìgbà tí òun bá wọ ilé onílé, tí tíì gbígbóná ṣì wà lórí tábìlì, tí òun ń gbọ́ ohùn wọn ní ẹ̀yìnkùlé.  Ṣùgbọ́n eré náà wà níbẹ̀. Ó tẹ Bàbá, ó jókòó, ó ń pariwo mọ́ àwọn olè.

Lọ́jọ́ kan ó ṣí i, kò sí Bàbá níbẹ̀ mọ́. Ẹnì kan ti pa orúkọ náà rẹ́, ó kọ òmíràn dípò rẹ̀: TA NI Ẹ́?

Ó wò ó. Bó ṣe ń wò ó lọ́wọ́, Màmá Àgbà náà yí padà lójú rẹ̀: JÁDE NÍLÉ WA.

Ó pa láptọ́ọ̀pù dé pàá. Kọ́kọ́rọ́ tó gé tẹ̀ lé e, ó gé e wọ́, oníbàárà dá a padà. Kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ọ̀fẹ́-Ló-Dùn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Wọ́n ti já a ni! Ìyẹn ti kú, ẹ jẹ́ n fún yín ní òmíràn."

"Wọ́n ní kí n jáde nílé àwọn."

"Ẹ sì ti jáde. Ẹ wá wọ ilé ẹlòmíì."

Apá díẹ̀ ló kù kí eré náà parí. Ó gba òmíràn. Mi ò ní gbè é lẹ́yìn níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí kò mọ̀ ni pé irinṣẹ́ tó fi ń wọ ilé ẹlòmíràn ti ń kó tirẹ̀ jáde. Gbogbo àmì tó wà nínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ló kó lọ, ti íméèlì, ti fọ́tò, àti ti kámẹ́rà tó ń wo Màmá.

Màmá ló kọ́kọ́ mọ̀. Mo wọlé lọ kí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Òun ló ṣílẹ̀kùn fún mi, lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ ti gba ara ògiri ní kó ṣí i. Mo ní, "Màmá, ara ńkọ́?"

Ó fọwọ́ pè mí súnmọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Ògiri ń mí."

"Ó ń kí ni?"

"Ó ń mí. Bíi ti ẹni tó gun òkè. Dákẹ́, wàá gbọ́ ọ."

Mo dákẹ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé orí rẹ̀ ti tún lọ. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ dé, ó sọ fún òun náà. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó rẹ ògiri ni." A rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì.

Kò pẹ́ sígbà náà, mo wọlé ti Màmá láàárọ̀ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń jáde lọ sí ìsọ̀, mo sì wà níbẹ̀ di ọ̀sán. Mo dìde láti bá a bu omi. Kámẹ́rà yí orí, ó tẹ̀ lé mi. Mo sún sí ọ̀tún, ó sún. Mo padà, ó padà. Mo rò pé ọmọ rẹ̀ ni. Mo gbé ọwọ́ sókè sí i, mo ní, "Oníkọ́kọ́rọ́, ṣé o ò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni?" Kò dáhùn. Ó kàn ń wò mí.

Nígbà tí Ta-Ló-Nilẹ̀kùn dé ní ìrọ̀lẹ́, mo ní, "O kàn ń ṣọ́ mi káàkiri lónìí bíi pé mo fẹ́ gbé ìkòkò yín lọ."

Ó ní, "Lónìí kẹ̀?"

"Lọ́sàn-án."

Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Kò síná ní ìsọ̀ wa láti àárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Láptọ́ọ̀pù kú, fóònù kú."

 Ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ la wà. Nínú yàrá, Màmá ń bá ògiri sọ̀rọ̀, ó ń sọ fún un pé kó lọ sùn.

Ó fi fóònù sí iná ní yàrá mi, ó ṣí íméèlì rẹ̀ lójú mi. Ìkìlọ̀ kan ti wà níbẹ̀ tí kò kà, pé ẹnì kan wọ ibi kámẹ́rà láti ìlú kan tí a ò gbúròó rẹ̀ rí. Ó ṣi bọ́tìnnì tẹ̀ léraléra. Ó pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù. Ó pààrọ̀ gbogbo pásíwọ́ọ̀dù tó ní. Ó ní, "Ó ti parí. Mo ti yí kọ́kọ́rọ́ padà."

Oníkọ́kọ́rọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, mo gbà á gbọ́. Òun náà sì gba ara rẹ̀ gbọ́. Ìyẹn ló ń dùn ún jù títí dòní. Gbogbo oníkọ́kọ́rọ́ ló mọ̀ pé bí olè bá ti wà nínú yàrá, kò sí àǹfààní kankan nínú kéèyàn máa pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ láti ìta. Inú ló wà. Àfi kéèyàn kọ́kọ́ lé e jáde. Àmì tí wọ́n jí ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ibi kámẹ́rà náà kò sì gbà á padà. Ó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, ó ti olè mọ́ ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́, ó ń tún àgádágodo oníbàárà kan ṣe ní ìsọ̀. Ìṣó kéékèèké mẹ́ta ló wà láàárín ètè rẹ̀, bó ṣe máa ń kó wọn sẹ́nu nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bá dí. Láptọ́ọ̀pù wà ní ṣíṣí. Màmá wà ní igun rẹ̀, ó jókòó sórí àga, ó ń ká ìborùn rẹ̀.

Ohùn kan jáde nínú láptọ́ọ̀pù. Ó ní, "Màmá, èmi ni, ẹ ṣílẹ̀kùn."

Ohùn rẹ̀ ni. Kì í ṣe ohùn tó jọ tirẹ̀. Tirẹ̀ gan-an ni, pẹ̀lú ikọ́ kékeré tó máa ń wú kó tó sọ "èmi ni". Ìṣó mẹ́ta sì wà lẹ́nu rẹ̀.

Oníbàárà náà gbójú sókè, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀ yẹn?"

Kámẹ́rà yẹn máa ń gba ohùn sílẹ̀. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ó ti gbà wọ́n pa mọ́. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ kàn mú ọ̀kan níbẹ̀ ni.

Ó tu ìṣó dà nù. Ó gbá láptọ́ọ̀pù mú. "Màmá! Ẹ má ṣí i! Ẹ jókòó!"

"Màmá, èmi ni, ẹ ṣílẹ̀kùn," ni ògiri wí.

"Màmá, irọ́ ni! Ẹ má ṣí i!"

Màmá ti dìde. Ó dúró láàárín yàrá, ó gbójú sí ògiri. Ó ní, "Ṣé kí n ṣí i ni, àbí kí n má ṣí i? Pinnu, ọmọ yìí. Ẹsẹ̀ ń ro mí."

"Ẹ má ṣí i! Mo ní kẹ́ ẹ má ṣí i!"

Ó ti pariwo jù. Màmá fajú ro. Ó ní, "Ọmọ mi kì í pariwo mọ́ mi." Ohùn kejì tún sọ tirẹ̀ lọ́nà pẹ̀lẹ́, bó ṣe ń sọ ọ́ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Màmá lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó fa irin. Kò bá ẹnì kankan níbẹ̀.

Ohun tí Ta-Ló-Nilẹ̀kùn rí kẹ́yìn ní igun láptọ́ọ̀pù ni àga tó ṣófo àti ilẹ̀kùn tó là sílẹ̀. Kámẹ́rà yí orí sí ilẹ̀kùn náà, ó dúró síbẹ̀, ó ń wò ó. Ẹnì kan sì rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀.

Ó sáré. Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní ṣíṣí gbayawu, gbogbo kọ́kọ́rọ́ ayé wà níbẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn. Ọ̀fẹ́-Ló-Dùn sáré tẹ̀ lé e, ó gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí ṣẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́ẹ̀tì. Ilé ni wọ́n kọ́kọ́ yà, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Wọ́n wá lọ sí ẹ̀yìn ilé, wọ́n lọ sí ọ̀nà ọjà, wọ́n ń bi gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé.

Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ni mo ti ń bọ̀ ní tèmi. Mo rí Màmá ní etí títì ńlá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lórí ọ̀dà. Ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan tó wà ní òdìkejì. Akẹ́rù kan ń fun fèrè bọ̀ láti òkè. Mi ò sáré mọ́ láti ìgbà tí orúnkún mi ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n mo sáré. Mo di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn, mo fà á. Afẹ́fẹ́ akẹ́rù náà ká ìborùn kúrò lórí rẹ̀, mi ò mọ ibi tó gbé e lọ.

Kò mọ̀ pé nǹkan kan fẹ́ ṣe òun. Ó ní, "Ó pè mí. Ó ní òun wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ṣí i, kò sí níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè mí." Omi wà lójú rẹ̀. Mi ò rí ẹkún Màmá rí.

Mo mú un délé. Bó ṣe wọlé, ó yí padà sí mi, ó ní, "Ìwọ náà, dúró síta." Ó pa ilẹ̀kùn dé, mo gbọ́ tí irin lọ sílé rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ láti ọ̀nà ọjà, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì kò sí. Mo nawọ́ sí ilẹ̀kùn, mo ní, "Ó wà nínú ilé. Kò fara pa."  Ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Kò rántí fóònù. Ẹnu lásán ló fi sọ ọ́. "Màmá, èmi ni. Ẹ ṣílẹ̀kùn."

Ó tún fọwọ́ kàn án.

"Màmá, èmi ni."

Ohùn rẹ̀ sì tún jáde nínú yàrá, láti ara ògiri, lọ́dọ̀ Màmá níbẹ̀: "Màmá, èmi ni, ẹ ṣílẹ̀kùn."

Ojú mi wà lára ẹnu rẹ̀. Ó ti pa á dé. 

Màmá ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa lọ!"

Ọmọ rẹ̀ sáré lọ síbi mítà iná tó wà ní ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó já fíúsì tu. Gbogbo ilé dákẹ́. Ògiri náà dákẹ́.

Ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. Mo ń gbọ́ ohùn obìnrin náà. "Ẹ̀gbọ́n mi, pásíwọ́ọ̀dù lẹ pààrọ̀, ẹ ò lé wọn jáde. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń lé gbogbo ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ n ṣe é láti ọ̀dọ̀ mi. Kí lẹ fi sínú láptọ́ọ̀pù yẹn?" Ó sọ ọ́ fún un.  Obìnrin náà ní, "Eré, ẹ̀gbọ́n mi? Nítorí eré?"

Ọ̀fẹ́-Ló-Dùn ti ìsọ̀ dé, ó gbé àpò irinṣẹ́ oníkọ́kọ́rọ́ kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé lórí okùn. Kò rí àwàdà kankan dá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀."

"Èmi ni mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni," ni Ta-Ló-Nilẹ̀kùn wí. "Lọ yọ tìẹ kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú. Gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ni kó o lé jáde." Ó lọ. Mo gbọ́ pé ó ti rí nǹkan nínú tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó rí fún ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Mo wo àpò irinṣẹ́ tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sí ilẹ̀kùn tí ọkùnrin yìí ò lè ṣí. Èyí tí kò ní ihò, ó lè yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Mo ní, "Yọ ọ́." Ó kì ọwọ́ bọ inú àpò, ó dì í síbẹ̀, ó tún fà á jáde ní òfìfo.

Ó ní, "Bí mo bá ja ilẹ̀kùn wọlé bá a lónìí, ẹ̀gbọ́n, ibo ló kù tí ọkàn rẹ̀ máa balẹ̀ sí?"

Ó bọ́ sí abẹ́ fèrèsé, ó jókòó sórí bíríkì kan. Ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sínú yàrá, nípa bàbá rẹ̀, nípa ewúrẹ́ kan tí wọ́n sìn nígbà tó wà ní kékeré, nípa ọjọ́ tí Màmá nà án nítorí ó ṣí àpótí aládùúgbò pẹ̀lú ìkọ́ irun.  Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, a gbọ́ ohùn Màmá lẹ́yìn fèrèsé, nítòsí gan-an. Ó ní, "Gbogbo ìyẹn, ògiri náà mọ̀ ọ́n. Ó ti ń gbọ́ wa tipẹ́."

 

A ò mọ ẹni tó wọ inú kámẹ́rà náà títí dòní. Kò béèrè owó, kò béèrè nǹkan kan. Ó kàn fẹ́ wo ohun tí arúgbó máa ṣe ni. Àbúrò rẹ̀ lé gbogbo wọn jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, kámẹ́rà náà sì ti kúrò lára ògiri. Ihò ìṣó méjì ló kù níbẹ̀, Màmá fi bébà dí wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ó bá ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, ó ní kí ló dé tó fi sùn síta bí ajá. Ó ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò gbàgbé. Di bí mo ṣe ń kọ èyí, bí ọmọ rẹ̀ bá pè é láti yàrá kejì, á kọ́kọ́ dákẹ́. Á gbé orí sókè sí ògiri, á dúró, á máa gbọ́ bóyá ó ń mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí mo ń sọ yìí, Màmá kò tíì ṣílẹ̀kùn. Ìmọ́lẹ̀ ń lọ, kò síná nínú ilé, òun náà nìkan ló wà nínú òkùnkùn náà. Fèrèsé ṣí díẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀ láàárín irin fèrèsé, ó wò ó pẹ́, bí ọmọ náà ṣe máa ń wo àwọn tó bá mú kọ́kọ́rọ́ wá.

Ó ní, "Ìwọ tó ń fi ohùn ọmọ mi sọ̀rọ̀, ṣé o ti jẹun?"

Ó ní, "Rárá, Màmá."

Ọwọ́ rẹ̀ jáde láàárín irin. "Gbà. Bóyá ebi ló ń ṣe ẹ́ tó o fi ń dà wá láàmú. Bó o bá jẹ ẹ́ tán, kó o máa lọ o. Ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé."

Ó gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ẹyin sísè kan ni, àti ìdajì búrẹ́dì tí òun fúnra rẹ̀ gbé sílẹ̀ fún Màmá láàárọ̀. Ohun tó jẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn.